Èékánná Tanímọ̀la, Ajá Sítọ́ọ̀ Wa

A mọ̀ pé ohun tí ẹ máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé wa yìí ni orúkọ àwọn tí owó ẹ̀yáwó kàn. Ẹ fara balẹ̀, ó wà lẹ́yìn ìwé. Ọ̀rọ̀ ajá la fẹ́ fi ṣáájú lóṣù yìí.

Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn kan bi wá pé kí ló dé tí a fi kọ “Ìtọ́jú ajá” sínú ìwé ìnáwó, àti pé ṣé ẹran màlúù ni ajá náà ń jẹ ni. Inú wa dùn pé ẹ bi wá, torí owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó akọ̀wé. Àmọ́ ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí kọjá gbólóhùn kan, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, àwọn ará Ìlọrà ti ń wá mọ́tò tí wọ́n máa wọ̀ padà. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè kà á. Èékánná ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti kó ọjà wá sí sítọ́ọ̀ wa ní Fìdítì rí mọ Tanímọ̀la. Ajá dúdú ni, ajá ìbílẹ̀, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn bí ìwọ̀. Bàbá ọdẹ kan ní Ìlọrà, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ni wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà tó ṣì kéré, àwọn náà ni wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ajá lọ́dọ̀ wa kì í ṣe orúkọ lásán, aládùúgbò la máa ń fi í bá wí. Ẹni tí bàbá ń fi tiwọn bá wí, a ò bi wọ́n.

Nígbà yẹn, Tanímọ̀la ò mọ ohun tó ń jẹ́ okùn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á tẹ̀lé àwọn tó ń lọ ká ọ̀pẹ òyìnbó àti ọsàn lóko. Á sáré lórí òkúta, á rìn létí ọ̀dà, á fẹsẹ̀ wa ihò òkété. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á padà sí sítọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó ronú kan èékánná rẹ̀, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kéèyàn ronú kàn án. Èékánná ajá ń hù lójoojúmọ́ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ líle tí ajá ń tẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ kù díẹ̀díẹ̀. Ajá tó ń bá ọdẹ rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ wá ẹni tí yóò bá a gé èékánná.

Ìgbà tó yá ni olè wọ sítọ́ọ̀ lóru ọjọ́ kan, wọ́n kó àpò gàrí mẹ́fà lọ. Ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n ní ajá tó bá lọ sóko lọ́sàn-án, oorun ni yóò sùn lóru. A ra ṣéènì. A so ajá mọ́ ìdí igi ọsàn tó wà lẹ́yìn sítọ́ọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn rírọ̀. Lọ́sàn-án, lóru, ibẹ̀ ló wà. Gbogbo wa la fọwọ́ sí i, àwa tí a ń kọ̀wé yìí la sì kọ ìpinnu náà sínú ìwé ìpàdé. Olè ò padà wá mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́nikẹ́ni nínú wa tó rántí pé ẹsẹ̀ tí kò rìn, kí ni yóò máa jẹ èékánná rẹ̀ kù?

Bàbá tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Wọ́n ní bí àwọn bá mú ajá náà wọlé nígbà òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa dún kọ́, kọ́, kọ́ lórí sìmẹ́ǹtì bíi bàtà ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ìró yẹn gan-an ni àmì. Bí ajá bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́, kò yẹ kí èékánná rẹ̀ kan ilẹ̀. Bó bá ń kàn án, ilẹ̀ á máa ti ọmọ ìka rẹ̀ sókè, ọmọ ìka á máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdúró rẹ̀ á yí padà, bó bá sì pẹ́, oríkèé á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Bàbá sọ fún wa. A ní a ti gbọ́. Oṣù mélòó kan tún kọjá.

Ọjọ́ tí a wá ní a ó gé e, ojú ń kán wa, torí ọjọ́ ìsanwó ni, èrò ti pọ̀ níta. A mú ẹ̀mú irin tí wọ́n fi ń gé wáyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì di ajá mú, ọ̀kan jókòó lé e lẹ́yìn, èkejì fún un lọ́rùn. Àwa la mú ẹ̀mú dání. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòsì la fi bẹ̀rẹ̀. A wo èékánná náà pé ó gùn, a gé e láti ìdajì. Igbe tí Tanímọ̀la ké, àwọn tó wà lọ́jà gbọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Àwọn ọmọ fi í sílẹ̀, wọ́n sá, àwa náà sá. Ajá tí kò bá ní èékánná àpọ̀jù lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, méjìdínlógún ni tirẹ̀ lápapọ̀. Ẹyọ kan péré la gé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Èékánná ajá kì í ṣe igi gbígbẹ. Ẹran wà nínú rẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, iṣan tó ń jẹ́ kí ara mọ ìrora wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tí èékánná bá funfun, ẹ máa rí ẹran náà bó ṣe pọ́n rẹ́súrẹ́sú láàárín. Tó bá dúdú, bíi ti Tanímọ̀la, ẹ ò lè rí i láti ìta. Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé bí èékánná bá ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹran inú rẹ̀ ń bá a gùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan gé èékánná tó ti ń gùn bọ̀ láti ọdún kan, ẹran ni yóò gé. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ré e, bí ẹni ń ré àlùbọ́sà tí kò fẹ́ kó tètè tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, a tún ré díẹ̀, ẹran inú á sì máa sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń ré dúdú, ẹ máa wo ojú ibi tí ẹ ré. Á kọ́kọ́ gbẹ, á funfun bí ẹfun. Bí ẹ bá ti rí àmì kékeré kan tó ṣókùnkùn láàárín rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹran ò jìnnà mọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tí a sá fún yẹn pàápàá, kì í ṣe ohun tó yẹ kí àgbàlagbà sá fún. Aṣọ mímọ́ ni kéèyàn fi tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó má máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Fúláwà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo gbígbẹ tí a bá fi ojú èékánná náà bọ̀ á ràn án lọ́wọ́ láti dì. Bí kò bá dá lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ó di ti dókítà ẹran.

Ti Tanímọ̀la dá lọ́jọ́ náà. Ìbẹ̀rù ni kò dá. Láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fà á kúrò. Tí wọ́n bá tún na ọwọ́ sí i, á kùn. Tó bá rí ẹ̀mú lọ́wọ́ wa, kódà ká máa lọ gé wáyà, abẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù ni yóò sá wọ̀. Àwa náà bá pa á tì. A ní kí la fẹ́ ṣe sí ajá tí kò gbà.

Èékánná kan wà lẹ́sẹ̀ iwájú ajá tó dà bí àtàǹpàkò. Òkè ló wà, kì í kan ilẹ̀ nígbà tí ajá bá ń rìn. Ajá ìbáà rìn láti Fìdítì dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ò lè jẹ ẹ́ tán. Tí wọn ò bá gé e, yíyí ló máa ń yí bí ìwo àgbò. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún Tanímọ̀la yí títí ó fi wọnú ẹran ara rẹ̀. Nígbà tí a fi máa mọ̀, ó ti ń ṣọyún, ó ti ń rùn, ajá náà sì ń tiro.

Bàbá ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ yọ ọ́. Ajá kùn. Bàbá ní, “Kí lo ń kùn sí? Èmi nìyí o.” Ó bù wọ́n jẹ lọ́wọ́. Kì í ṣe ìjẹ ńlá, eyín méjì péré ló wọlé, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Bàbá fi epo pupa pa á, wọ́n ní kò sí nǹkan kan, ṣebí ajá àwọn ni.

Ìgbà náà la tó wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá. Ọ̀dọ̀ wa ló wà, nínú fáìlì tí a kọ “Oríṣiríṣi” sí lára. Abẹ́rẹ́ ọdọọdún ni. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tún un gún ti kọjá láti oṣù mẹ́sàn-án. Akọ̀wé tó máa ń rán gbogbo yín létí ọjọ́ ìsanwó kò rántí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ajá kan ṣoṣo tó wà níkàáwọ́ rẹ̀. A kọ ọ́ síbí kí ẹ má baà rò pé bàbá ló jẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ayé pẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ dìgbòlugi. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé bí 59,000 ènìyàn ló ń bá a lọ lọ́dọọdún káàkiri ayé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Áfíríkà àti Éṣíà. Nínú 100 tó bá kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ló ti wá. Bí 40 nínú 100 àwọn tó ń kú ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15, torí ọmọdé ló ń bá ajá ṣeré jù. Bẹ́ẹ̀ ìdènà rẹ̀ ti wà tipẹ́. Lọ́dún 1885 ni Louis Pasteur, ará Faransé, gún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ọmọ náà sì yè. Lórílẹ̀-èdè wa níbí, ilé ìwádìí àrùn ẹran tó wà ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe abẹ́rẹ́ ti ajá. A ò lè sọ pé kò sí. Àìrántí ni tiwa.

A fi ọṣẹ fọ epo kúrò lọ́wọ́ bàbá. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ, fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kì í ṣe epo, kì í ṣe ata, kì í ṣe kí wọ́n fi aṣọ dì í pinpin. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn kíákíá. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn. Ìyàwó wọn, ìyá alágbo, ni wọ́n bá wa dá sí i: “Bàbá, tí ẹ ò bá lọ, èmi ló máa lọ gba abẹ́rẹ́ náà fún yín, ẹ máa wá wo bó ṣe máa ṣiṣẹ́.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ mọ́tò. Wọ́n gún wọn ní ti àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọn yóò padà wá gba ìyókù sínú ìwé fún wọn. Ẹgbẹ́ ló san án. Ohun tí ẹ rí nínú ìwé ìnáwó nìyẹn, òun ló sì pọ̀ jù nínú owó náà.

Àwọn kan ní ká pa ajá náà kíá. Dókítà ní rárá. Ká so ó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní dé, ká fún un lóúnjẹ àti omi, ká máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ajá tó bu ènìyàn jẹ, tó sì wà láàyè, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ẹni náà jẹ. Bí a bá pa á, a ò ní tètè mọ̀. Kò tíì tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọkùnrin kan tó ń wá ajá fún ọdún Ògún gbọ́, ló bá wá ná an. Owó tó pè dára. Akápò wò wá, àwa náà wò wọ́n. Ká sòótọ́, owó yẹn ì bá dí ihò tí abẹ́rẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ajá tí a ń ṣọ́ lọ́wọ́, tí a ò tíì mọ ohun tó wà lára rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ fà á lé ọlọ́mọ lọ́wọ́? Ọkùnrin náà bínú lọ.

Ọjọ́ 10 pé. Tanímọ̀la ń jẹun, ó ń gbó, ó sì ń tiro síbẹ̀. Dókítà ẹran kan wá láti Ìbàdàn. Ẹni tó bá lè gbé ajá tirẹ̀ lọ, ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tiwa ò ṣeé gbé sínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, ó gé èyí tó wọnú ẹran, ó fọ ojú egbò, ó fi oògùn sílẹ̀, ó sì gún un ní àjẹsára rẹ̀. A bi í bóyá a lè máa sùn ún bẹ́ẹ̀ tí ìgbà èékánná bá tó. Ó ní oògùn oorun ní ewu tirẹ̀, ó sì lówó lórí. Pé ajá yìí ò níkà nínú, ohun tí ẹ ṣe fún un ló ń rántí. Ó ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò rí ajá náà rí.

Bàbá tó gba ìjẹ ni wọ́n gba iṣẹ́ náà, tọwọ́ tọwọ́ tó ṣì wà nínú báńdéèjì. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é rèé, ẹ̀yin tí ẹ ní ajá nílé ẹ gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń yàn, lẹ́yìn tí ajá bá ti rìn tó ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, tí ooru ti lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọn ò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kan èjìká, wọ́n fún un ní ẹja gbígbẹ díẹ̀, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí apá, ẹja. Nígbà tí wọ́n dé àtẹ́lẹsẹ̀, ajá náà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lá ètè, ó yán. Àwa rò pé oorun ló ń kùn ún. Bàbá ní rárá, ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n padà sí èjìká lọ́jọ́ náà. Tó bá kùn, wọn kì í nà án. Ajá tó ń kùn ń sọ fún èèyàn kó tó jẹ ẹ́ ni, ẹni tó bá sì nà án títí tí kò fi kùn mọ́, àfi kó máa retí eyín láìgbọ́ ìró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohun ìgé èékánná ajá jáde, èyí tí dókítà ní ká rà, torí ti ènìyàn máa ń fọ́ èékánná ajá, bíléèdì àti ọ̀bẹ kò sì yẹ níbẹ̀ rárá. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ajá gbóòórùn rẹ̀, ẹja. Wọ́n fi gé igi ìṣáná lójú rẹ̀ kó lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ẹja. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó ré èékánná àkọ́kọ́, ẹyọ kan ṣoṣo, orí rẹ̀ lásán. Wọ́n dìde. A ní kí wọ́n gé èkejì nígbà tó ti gbà, wọ́n ní, “Akọ̀wé, ẹ má bà á jẹ́ fún mi o.” Ẹyọ kan lóòjọ́ ni wọ́n ń ré. Èyí tó bá rí ṣákiṣàki, wọ́n fi fáìlì wẹ́wẹ́ pa á jẹ́jẹ́.

Ẹ óò bi wá nípa aṣọ tí wọ́n máa ń fi di ẹnu ajá. Ó wúlò tí ajá bá farapa tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Ká ní bàbá dì í lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá má gba abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ajá kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú ooru. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, lábẹ́ ìbòòji, kì í sì í ṣe fún èyí tó ń bì tàbí tí kò rí mí dáadáa. Kò sì kọ́ ajá ní nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé bá yín di ajá mú.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé kí bàbá máa tú Tanímọ̀la láràárọ̀, kí wọ́n máa mú un rìn létí ọ̀dà kí oòrùn tó mú. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti kúrò nínú “Oríṣiríṣi,” ó wà lára ògiri lókè tábìlì wa, ẹni tó bá wá sanwó lè kà á. Owó ohun ìgé èékánná àti ti ẹja gbígbẹ wà lọ́dọ̀ akápò, ẹ lè lọ fi wé ti abẹ́rẹ́.

Ó ti gbà kí wọ́n gé ti ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì àti ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tòsì, èyí tí a fi ẹ̀mú gé, bàbá nìkan ló ń gbà fún láti mú un dání, kò tíì gbà kí wọ́n ré e. Àwa ńkọ́? Bí a bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, á ká ẹsẹ̀ yẹn mọ́ abẹ́ inú. A ti ra ẹja gbígbẹ tiwa, owó àpò wa ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, ó jẹ́ ká fọwọ́ kan èjìká òun.